Ìkòkò Aró Ìyá Káṣìmáawò

Àwọn obìnrin méjì kan wà ní Abẹ́òkúta, aró ti mú ọwọ́ wọn dú dé ìgúnpá. Ìyá Káṣìmáawò ni àgbà. Ṣíjúadé, àbúrò rẹ̀ nídìí iṣẹ́, ẹlẹ́rìn-ín ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Kálukú wọn ló ní ìsọ̀ tirẹ̀ lórí ayélujára, níbi tí wọ́n ń fi fọ́tò àdìrẹ sí, tí oníbàárà sì ń kọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n lè gbé aṣọ bá a.

Nígbà tó yá, gbogbo aláró inú àgbàlá tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ para pọ̀, wọ́n ṣí ìsọ̀ tuntun kan ṣoṣo lórí ayélujára. Ó di kí kálukú fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Ṣíjúadé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ ápù ìsọ̀ àtijọ́ náà kúrò lórí fóònù rẹ̀, ó ní ó parí. Àmọ́ Ìyá Káṣìmáawò! Ẹ wá wo obìnrin! Ọ̀sán gbogbo ló fi jókòó ti fóònù, awò ojú ní imú. Ó kọ̀wé sí àwọn oníbàárà pé òun ń kó lọ, ó pa àdírẹ́sì wọn rẹ́, ó yọ fọ́tò, ó yọ káàdì báńkì, lẹ́yìn náà ló wá ti àkáǹtì náà fúnra rẹ̀ pa.

"Ìyá Káṣìmáawò, ṣé ayélujára lẹ fẹ́ fọ̀ mọ́ ni?" Ṣíjúadé ń rẹ́rìn-ín.

"Máa rẹ́rìn-ín ẹ. Nígbà tí ìyá mi ń kúrò ní àgbàlá tó ti ń rẹ aṣọ tẹ́lẹ̀, ó da omi aró nù, ó fọ ìkòkò, ó dojú ẹ̀ délẹ̀. Ìkòkò tó bá lanu sílẹ̀, ẹni ẹlẹ́ni á ki aṣọ rádaràda bọ̀ ọ́, á ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ni."

"Èmi ti gbàgbé tèmi ní tèmi o."

"Ìwọ lo gbàgbé ẹ̀. Ṣé òun náà gbàgbé ẹ?"

Òjò rọ̀, òjò dá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Abílékọ Láníyì, oníbàárà Ṣíjúadé láti ọjọ́ pípẹ́, já wọ àgbàlá bí ìjì.

"Ṣíjúadé, olè ni ọ́! O kọ̀wé sí mi pé o fẹ́ gbé aṣọ wá, o bi mí ìgbà tí mo máa ń wà nílé. Mo ní ó di ìrọ̀lẹ́. Kí n tó dé, wọ́n ti já ilẹ̀kùn mi, wọ́n ti palẹ̀ ilé mọ́! Ta ló rán wọn bí kì í bá ṣe ìwọ?"

Orúkọ rere tí Ṣíjúadé ti ń fi aró kọ́ láti ìgbà ọmọge, ṣé ọjọ́ kan ni yóò ṣí bẹ́ẹ̀? Ó kúnlẹ̀. "Màdáámù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mo ti yọ ọ́ kúrò!"

"Ojú ara ẹ lo yọ ọ́ kúrò," ni Ìyá Káṣìmáawò wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Dá ápù náà padà, kí o wọlé sínú àkáǹtì ẹ. Kí ni pásíwọ́ọ̀dù ẹ?"

"Orúkọ ọmọ mi ni."

"Orúkọ tí o ń pariwo ẹ̀ káàkiri àdúgbò láràárọ̀!"

Wọ́n gbé fóònù lé orí ìdí ìkòkò kan tó dojú délẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn án. Lójijì, ọ̀rọ̀ yọ níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti fọ́tò Ṣíjúadé, ó ń lọ sọ́dọ̀ opó kan tó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀: *Ẹ kú ọ̀sán mà. Mo fẹ́ gbé àdìrẹ yín wá. Ìgbà wo lẹ máa ń wà nílé?*

"Yéè!" Abílékọ Láníyì ki orí bọ ọwọ́. "Ohun tó kọ sí mi gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ta ló wá ń kọ ọ́?"

"Olè tó fi orúkọ ọmọ ẹ̀ wọlé sínú ìkòkò tó lanu sílẹ̀ ni," ni Ìyá Káṣìmáawò wí. Ó pe opó náà: "Ẹ má fèsì o, olè ni!" Ó ní kí Ṣíjúadé yí pásíwọ́ọ̀dù padà, kó lé gbogbo ẹni tó wà nínú àkáǹtì náà jáde, kó kìlọ̀ fún oníbàárà gbogbo. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ olè náà pamọ́ fún ọlọ́pàá, wọ́n pa àdírẹ́sì rẹ́, wọ́n ti àkáǹtì pa. Abílékọ Láníyì di Ṣíjúadé lọ́wọ́ mú. "Dárí jì mí," ló wí, àwọn méjèèjì sì jọ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Ẹ sì mọ ẹnu Ṣíjúadé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní òun ń fi ìsọ̀ kan sílẹ̀ lórí ayélujára, á kígbe pé, "Ìkòkò ńkọ́?", á sì ròyìn ọgbọ́n Ìyá Káṣìmáawò látìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí ẹni tí kò rẹ aṣọ rí fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, a kì í fi ìdí aró sílẹ̀ kí á má dojú ìkòkò délẹ̀.