Àwẹ̀ró àti Irúgbìn Òkè Ààrò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dáhùn ìyá àgbà yín dáadáa. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yìn ń ro mí, ẹ má jẹ́ kí n pè é lẹ́ẹ̀mejì. Àlọ́ mi rìn títí, ó lọ jókòó sí ẹ̀bá ààrò Àwẹ̀ró.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti adìẹ ṣì jọ ń sọ èdè kan, opó kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọmọ mẹ́ta ló ń bọ́. Àgbàdo irúgbìn tó ní kò ju ìdì kan lọ. Ó so ó kọ́ sí òkè ààrò, kí èéfín má jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iná díẹ̀ là ń dá sábẹ́ irúgbìn. Èéfín là ń fẹ́, a kò fẹ́ ooru. Ṣùgbọ́n òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀ ṣáá, àgbàdo kò gbẹ bọ̀rọ̀. Àwẹ̀ró ń dìde, ó ń koná, ó ń jókòó. Ó sú u. Ló bá ti ìtì igi ńlá bọ ààrò, ó ní kí òun sáà sinmi.

Adìẹ tó sàba sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná ní, "Àwẹ̀ró, iná yìí pọ̀ jù."

Ó ní kí Adìẹ gbájú mọ́ ẹyin rẹ̀. Oorun sì gbé e lọ.

"Ìyá àgbà, ṣé àgbàdo náà jóná?"

Ọmọ mi, ì bá jóná, ì bá sàn. Kò jóná. Ó gbẹ, ó ń dán, kòkòrò kan kò sí níbẹ̀. Inú Àwẹ̀ró dùn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ó gbìn ín. Àgbàdo aládùúgbò ń hù, tirẹ̀ kò yọjú. Ó tún gbin òmíràn sí i, kò hù.

Ó wá jókòó ti Adìẹ, ó ń sunkún. Ó ní òun kò jẹ ẹ́, òun kò tà á, kí ló wá pa irúgbìn òun?

Adìẹ ní, "Omi kan wà nínú ẹyin mi, òun ló ń di ọmọ. Bí o bá sè é, omi náà á dì, kò ní yọ́ mọ́. Ohun tó jọ ọ́ wà nínú hóró àgbàdo, iná rẹ sì ti sè é. Ṣé o ti rí mi kí n sàba lé ẹyin sísè rí?"

Àwẹ̀ró dìde. Ebi ń pa àwọn ọmọ nílé. Ó kó hóró tó kù, ó sè é fún wọn. Wọ́n jẹ, wọ́n yó. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ní ó dùn, ó ní kí ìyá àwọn tún sè é lọ́la.

"Kí ni Àwẹ̀ró ṣe?"

Ó fọ ìkòkò, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Hóró kan kò kù mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, bó ti wù kó rẹni tó, a kì í fi ìkánjú mú irúgbìn gbẹ. Ohun tí ooru bá ti sè, kò ṣe é dá padà.

Àlọ́ mi ti rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ẹ jẹ́ kó sùn, kí ẹ̀yin náà lọ sùn.