Aràrá Òdòdó Ọgbà Yèyé

Ìdààmú Fẹ́hìntọlá kì í ṣe ti ọmọ, kì í sì í ṣe ti àìsàn. Òdòdó ni. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán báyìí kí á lè máa bá ìtàn lọ, nítorí ohun tó ń pa ẹnìkan lẹ́kún lè jẹ́ ẹ̀rín lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ilé Olọ́gbà ni wọ́n bí obìnrin yìí sí ní ìlú Òkesán. Ó ti di ìran mẹ́sàn-án tí ilé náà ti ń tọ́jú ọgbà tó yí ibojì Yèyé Olúdó ká, obìnrin tó tẹ ìlú náà dó. Tannáposó ni wọ́n gbìn síbẹ̀, òdòdó tó máa ń là nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé rẹ̀ a kú, ṣùgbọ́n iṣu rẹ̀ a sùn sínú ilẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi jí i. Lọ́dọọdún, ọba a máa wá kúnlẹ̀ níwájú ibojì náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo ìlú a sì kúnlẹ̀ tẹ̀lé e. Òdòdó gbọ́dọ̀ ti là lọ́jọ́ náà, kò sì gbọdọ̀ sí èyí tí yóò dúró lé ọba lórí níbi tó tẹríba sí. Àwọn tó bá ga, okùn ni wọ́n fi ń dè wọ́n mọ́lẹ̀ kí àwọn náà lè tẹríba.

Nígbà tí ọba tuntun gorí oyè, ó fa ọdún Yèyé síwájú ní oṣù kan, kí àwọn àgbẹ̀ lè ráyè kọ ebè. Ìmọ̀ràn ọlọ́gbọ́n ni. Ó kàn jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bi òdòdó léèrè. Ní ọdún kìíní, ọba kúnlẹ̀ síwájú ewé. Ní ọdún kejì, ewé náà ni. Ọba wá ránṣẹ́ sí Ilé Olọ́gbà pé òun fún wọn ní ọdún mẹ́ta. Bí ẹ̀kẹta bá pé tí òun ṣì ń kúnlẹ̀ fún ewé, ilé mìíràn ni yóò gba ọgbà náà.

Apá ọ̀tún ọgbà ló wà lọ́wọ́ Fẹ́hìntọlá. Apá òsì wà lọ́wọ́ Láwuyì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ bàbá rẹ̀ ni ṣùgbọ́n ìyá wọn yàtọ̀. Ní apá ọ̀tún yìí ni tannáposó kan wà tí ìyá Fẹ́hìntọlá gbìn kó tó kú. Ó ga tó àyà ènìyàn. Òdòdó rẹ̀ pupa bí osùn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìyeyè sì là á kọjá, kò sì sí irú rẹ̀ mìíràn nínú ọgbà. Láràárọ̀ ni Fẹ́hìntọlá ń kúnlẹ̀ kí i. Bí ọgbà bá bọ́, ọwọ́ àjèjì ni ìyá rẹ̀ bọ́ sí yẹn.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò gbéra, wọ́n mú adìẹ funfun kọ̀ọ̀kan dání, wọ́n lọ sọ́dọ̀ Ẹfúnyẹlá, abọrẹ̀ Òrìṣà Oko, arúgbó tó ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún wò fún àwọn àgbẹ̀. Ó da owó ẹyọ sórí atẹ. Mẹ́rin là, méjìlá dojú dé.

“Ìròsùn ló yọ,” ni arúgbó náà wí. “Òrìṣà ní ohun tí ẹ ń wá kò jìnnà sí yín. Ó ní ẹ ti ń rí i, ẹ sì ti ń pa á.”

Láwuyì ní, “Ìyá, kí la pa?”

“Èmi kò mọ iṣẹ́ yín. Kí lẹ máa ń fà tu nínú ọgbà?”

“Koríko ni, Ìyá,” ni Fẹ́hìntọlá dáhùn. “Àti àwọn aràrá.”

“Kí ló ń jẹ́ aràrá?”

Fẹ́hìntọlá ṣàlàyé pé lọ́dọọdún, tannáposó kan tàbí méjì máa ń hù tí kì í ga kọjá orúnkún. Irú wọn a sì máa yára là, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé. “A kì í dá wọn sí, Ìyá. Àwọn bàbá wa ní aláfojúdi ni wọ́n, pé wọ́n ń kí Yèyé kí ọba tó kí i.”

Bó ti ń sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń wọ òun fúnra rẹ̀ létí. Òdòdó kúkúrú. Òdòdó tó ń tètè là. Ìran mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń fà á tu, wọ́n ń jù ú fún ewúrẹ́. Ìtìjú mú un, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìtìjú náà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín lọ́kàn, ó sì ń ṣe é bíi kó sáré padà sí ọgbà lójú ẹsẹ̀ lọ wo ilẹ̀.

“Ẹbọ ni kí ẹ rú,” ni Ẹfúnyẹlá wí. “Adìẹ funfun kọ̀ọ̀kan, aṣọ funfun kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó sì fi èyí tó dára jù lọ́wọ́ yín kún un. Gbogbo àgbà òdòdó tó bá ga kọjá orúnkún, ẹ wú u kúrò kó tó so lọ́dún yìí. Aràrá ni kí ẹ dá sí.”

Láwuyì dìde. “Ìyá, ẹ má bínú o. Àgbàdo tó yọmọ dáadáa ni àgbẹ̀ ń so rọ̀ fún irúgbìn, kì í ṣe èyí tí kò yọmọ. Ẹ wá ní kí n wú akọni, kí n máa bọ aràrá?”

“Abẹ́rẹ́ bó ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.”

“Bó bá jẹ́ pé gíga ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn, mo ní àdá nílé.” Bí Láwuyì ti wí nìyẹn, ó gbé adìẹ rẹ̀ padà. Àwọn ará ilé ní ọbẹ̀ rẹ̀ dùn púpọ̀.

Fẹ́hìntọlá rú ti adìẹ, ó rú ti aṣọ. Ẹfúnyẹlá fa ìyẹ́ kan yọ lára adìẹ náà, ó ká aṣọ náà, ó sì kó méjèèjì lé e lọ́wọ́. “Ohun tí òrìṣà bá gbà, ó máa ń dá díẹ̀ padà. N kò mọ ohun tí o máa fi wọ́n ṣe. Ìwọ ni olọ́gbà.”

Ìyẹ́ adìẹ àti aṣọ! Fẹ́hìntọlá gbé wọn délé, ó ń yí wọn síwá sẹ́yìn. Aràrá kan ṣoṣo ló hù lọ́dún náà, òdòdó rẹ̀ funfun, kò sì sí nǹkan kan lára rẹ̀ tí ènìyàn lè fi yangàn. Ó jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, ó ń wo àfòpiná tó ń ti orí òdòdó kan fò sórí òmíràn. Lọ́jọ́ kan, ó mú ọ̀kan nínú wọn, ó rí i pé ìyẹ̀fun òdòdó ti kún un lójú. Ó wo àfòpiná, ó wo ìyẹ́ adìẹ. Ó bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó já àwọn okùn tíńtín tó ru ìyẹ̀fun kúrò lára òdòdó aràrá. Ó fi ìyẹ́ kó ìyẹ̀fun lára òdòdó ìyá rẹ̀, ó sì fi pa aràrá náà lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló fi aṣọ funfun bò ó kí àfòpiná má baà gbé ti ẹlòmíràn wá. Ọjọ́ méje ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ṣe tán, ó ku ẹbọ tó ṣòro. Ó wú gbogbo àwọn tó ga, ó fi ti ìyá rẹ̀ ṣe ìkẹyìn. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ní, “Ìyá mi, ẹ dákun,” ó sì ki ọkọ́ bọ ilẹ̀. Iṣu rẹ̀ tóbi tó orí ọmọdé. Ó gbé e lọ síwájú Òrìṣà Oko, ó sì sunkún dé ilé. Láwuyì dúró ní apá tirẹ̀, ó ń fi àdá gé òdòdó tirẹ̀ dé orúnkún, ó ń wò ó. “Àbúrò mi,” ló wí, “o ti pa ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kejì.” Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Nígbà tí òjò tún dé, ó gbin èso méjìlá tí aràrá náà so. Gbogbo wọn hù. Gbogbo wọn ga! Ọjọ́ ọdún Yèyé pé, ewé ni ọba kúnlẹ̀ fún. Aràrá funfun kan ṣoṣo yẹn là níbi kọ́lọ́fín tó wà, ọba kò tilẹ̀ rí i.

Fẹ́hìntọlá sáré lọ bá Ẹfúnyẹlá. “Ìyá, ẹbọ mi kò fín. Wọ́n ga bíi ti àtijọ́. Ṣé kí n wú àwọn náà?”

Arúgbó náà bi í léèrè. “Ta ni ìyá tó kú máa ń padà wá sí ara rẹ̀ nínú ilé? Ṣé ọmọ rẹ̀ ni?”

“Rárá, Ìyá. Ọmọ-ọmọ ni.”

“Àwọn wo wá ni ìwọ gbìn?”

Ó wá yé Fẹ́hìntọlá. Àwọn ọmọ lòun gbìn. Ó dọ̀bálẹ̀ kúnlẹ̀, kò mọ èyí tó ń ṣe mọ́, ó sì padà sílé. Ó fi aṣọ bo àwọn tó ga yìí kí wọ́n lè so fúnra wọn láìsí àmúlùmálà, ó ṣa èso wọn, ó sì ka ọjọ́ títí òjò fi dé.

Ogójì ló gbìn ní ọdún kejì. Láràárọ̀ ló ń fi orúnkún wọ̀n wọ́n. Ọgbọ̀n ga. Mẹ́wàá kò ga. Nínú mẹ́wàá náà, funfun ni àwọn kan, òmíràn rí ràdàràdà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún Yèyé pé, aràrá kan là ní ìrọ̀lẹ́. Ó pupa bí osùn. Ìlà ìyeyè tẹ́ẹ́rẹ́ là á kọjá.

Fẹ́hìntọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń pe ìyá rẹ̀. Ewé àwọn ọgbọ̀n tó ga ló bo àwọn aràrá, ọba tún kúnlẹ̀ fún ewé lọ́dún náà, àwọn ìjòyè sì ti ń sọ ilé tí wọn yóò gbé ọgbà fún, ṣùgbọ́n kò dùn ún mọ́. Abẹ́ aṣọ funfun ni aràrá pupa náà ti so, ó so, kò sinmi. Fẹ́hìntọlá wú gbogbo àwọn yòókù, èso rẹ̀ nìkan ló sì gbìn nígbà tí òjò dé.

Ọdún kẹta pé. Oòrùn ń rọlẹ̀ nígbà tí ọba dé ojú ibojì. Ní apá òsì, àwọn tí Láwuyì ti ń gé láti ọdún mẹ́ta wá ti hu ewé dídí, ewé tó dára fún ewúrẹ́, kò sì sí òdòdó kan níbẹ̀. Ẹ̀ka tí àdá ń gé ní gbogbo ìgbà kò ráyè tanná. Ní apá ọ̀tún, òdòdó ṣì pa ẹnu dé. Ọba kúnlẹ̀, ó tẹríba, gbogbo ìlú kúnlẹ̀ tẹ̀lé e. Nígbà tó gbé ojú sókè, gbogbo ilẹ̀ apá ọ̀tún ti pọ́n, kò sì sí okùn kan lọ́rùn wọn. Kò sí èyí tó ga dé èjìká ọba nínú wọn.

Ọba na ọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn. “Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Yétúndé ni, Kábíyèsí,” ni Fẹ́hìntọlá dáhùn.

Ọgbà kò kúrò ní Ilé Olọ́gbà. Gbogbo rẹ̀, ọ̀tún àti òsì, ni ọba kó fún Fẹ́hìntọlá lọ́jọ́ náà, àwọn ìlú tó yí wọn ká sì ń ránṣẹ́ wá tọrọ Yétúndé fún ojúde tiwọn. Ó jẹ, ó yó, ó sì gbé adìẹ mìíràn lọ fún Ẹfúnyẹlá láìjẹ́ pé wọ́n bèèrè rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Láwuyì dúró lẹ́nu ọgbà tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, ó gbé adìẹ funfun kan sábẹ́ abíyá.

“Àbúrò mi,” ló wí, “ṣé òrìṣà ṣì máa gbà á?”

“Ẹ lọ bi Ìyá Ẹfúnyẹlá, Ẹ̀gbọ́n mi.” Fẹ́hìntọlá ka èso méje lé e lọ́wọ́, ó sì fi ìyẹ́ kan lé e.

Ẹni tó gbọ́ ẹbọ tó rú u, ìyá rẹ̀ padà wá bá a nínú ọgbà. Ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín, ọbẹ̀ adìẹ dùn mọ́ ọn lẹ́nu ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó sì fi ọdún mẹ́ta jẹ àbámọ̀ rẹ̀.