Àlejò Tí Wọ́n Ní Kó Tà Nígbà Tí Gbogbo Ọjà Bá Tilẹ̀kùn
Ìyádùnní ará Ìnísà fi gbogbo ohun tó ní ra ọṣẹ, iyọ̀ àti tọ́ọ̀ṣì, ó kó wọn lọ tà ní ìlú kan lókè Gánà. Alhaji Mumuni, olórí ọjà, pe àwọn onísọ̀ jọ, ó ní, “Àlejò kò gbọdọ̀ ṣísọ̀ níbí nígbà tí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa bá ṣí sílẹ̀.” Ìyádùnní kúnlẹ̀, ó ní, “Mo gbọ́, Bàbá. Bí gbogbo yín bá wá tilẹ̀kùn ńkọ́?” Alhaji rẹ́rìn-ín: “Nígbà náà, máa tà títí ọwọ́ rẹ á fi bó!” Ìyádùnní ní kó jọ̀ọ́ tún un sọ kí gbogbo ọjà gbọ́, Alhaji sì tún un sọ. Nígbà tó di ọ̀sán Jímọ̀, gbogbo wọn tilẹ̀kùn, wọ́n gba mọ́ṣáláṣí lọ. Ìyádùnní, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ṣí tirẹ̀. Aago méjì, kí wọ́n tó kírun tán, ni ọkọ̀ àwọn ará oko tó wá rajà ń gbéra, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ti rí nǹkan rà. Ní Jímọ̀ kẹta, Alhaji bínú dé: “Ta ló ní kó o ṣí?” Ó ní, “Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́.” Alhaji kò lè ní kí ẹnikẹ́ni pa Jímọ̀ jẹ nítorí iyọ̀, kò sì lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ lójú gbogbo ọjà. Ó wá ní kí Ìyádùnní máa ṣí lójoojúmọ́ bíi ti gbogbo wọn. Nígbà tí Jímọ̀ kẹrin pé, ó fi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ tirẹ̀ lé e lọ́wọ́ pé kó máa bá òun tà kí òun fi kírun dé. Ẹni tó bá fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ àlejò, kó kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí òun náà ń ti tirẹ̀.