Kánópì Tí Kò Jò

Ṣọ́ọ̀bù Olóyè Lájubà ni mò ń kó àga àti kánópì tí mò ń fi háyà fáwọn olóde sí. Nígbà tó fẹ́ sìnkú ìyá rẹ̀ láàárín oṣù òjò, ó ní kánópì mi lòun máa lò, ṣùgbọ́n bí omi bá kán sí fìlà òun, ì báà ṣe ẹ̀kán kan, kí n kó ẹrù mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù òun lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀, ihò ara kánópì mi pọ̀ ju ti ajere lọ. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹni tó dúró síta kì í tutù tó ẹni tó sá sábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ òde náà, bí ojú ọ̀run ṣe ṣú, mo sáré gbé agbòjò tí mo máa ń háyà fún ìyàwó tuntun, tòun ti léèsì etí rẹ̀, mo ṣí i sórí Olóyè, mo sì kígbe pé: “Ẹ̀yin aráalé! Ṣé bó ṣe yẹ kí Olóyè ńlá jókòó nìyí, lábẹ́ ìbòrí kan náà pẹ̀lú gbogbo wa, láìsí agbòjò oyè?” Orí Olóyè wú. “Ọmọ yìí mọ ọ̀wọ̀,” ló wí. “Má gbé e kúrò lórí mi o!” Òjò dé. Àwọn àlejò gbé àga mi borí, ṣùgbọ́n Olóyè kò bojú wẹ̀yìn. Omi ń gba ọrùn mi wọlé, ó ń gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi jáde, mo dúró bí òpó. Nígbà tí òjò dá, Olóyè ṣí fìlà, ó fọwọ́ pa á, ó gbẹ. “Kánópì rẹ dára,” ló wí. “Àwọn kan ń sọ fún mi pé ó ń jò.” Mo fún omi bùbá mi dànù, mo ní: “Ẹ má dá wọn lóhùn, Bàbá. Ìlara ni.”