Táyà Ńlá Ògúntúyì àti Àpáta Òkè Arómọ

Ògúntúyì awakọ̀ jíìpù ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Òkè Arómọ. Orúnkún ìyá náà ti daṣẹ́ sílẹ̀, kò lè gun òkè mọ́; bẹ́ẹ̀ lókè lọ́hùn-ún ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé wà. Àpáta ńlá kan ló dábùú ọ̀nà ibẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ tó gùn ún rí.

"Gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kí ọlọ́jọ́ tó dé," ni ìyá máa ń wí.

Ni Ògúntúyì bá lọ ra táyà ńlá mẹ́rin. Táyà ń jẹ́ táyà! Ó ga tó ìbàdí àgbàlagbà. Àwọn èèyàn yí ọkọ̀ ká, wọ́n lanu, wọn ò lè pa á dé. Fálànà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lẹ táyà nìkan ni kò wo ojú táyà; abẹ́ ọkọ̀ ló rá wọ̀.

"Irin rímù tó wà láàárín táyà yìí fà á sínú jù," ni ó wí. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sípíríìn tó gbé ọkọ̀ ró. Wá èyí tí yóò tì í síta díẹ̀. Àmọ́ kó má yọ síta jù o, ẹrù yóò kán irin tó dì í mú."

Ògúntúyì ki ìka bọ àárín táyà àti sípíríìn, ìka kọjá. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra! Àbí o ò rí àyè ni?"

"Ọkọ̀ òfìfo lo wọ̀n yẹn, táyà sì kọjú síwájú. Kó ẹrù sí i, yí táyà, kó o tó wọ̀n ọ́n."

Ògúntúyì kò gbọ́. Ó gbé ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó di iṣu kún ẹ̀yìn, ó kọrí sókè. Nígbà tí wọ́n dé àpáta, táyà gbá a mú bí ọ̀bọ ṣe ń gbá igi mú. Ọkọ̀ ń gun ohun tí ọkọ̀ kì í gùn! Ìyá ń pariwo, "Háà! Ọmọ mi!"

Wọ́n dé ìdajì, ọ̀nà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ògúntúyì yí táyà pátápátá, ẹrù tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, táyà ha sípíríìn, ó sì gé rọ́bà tó ń gbé omi bíréèkì. Ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ilẹ̀ lọ. Jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn.

Gbòǹgbò ìrókò kan ló dá wọn dúró. Ìyá kò fara pa, ṣùgbọ́n ó gbójú sókè wo òrùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó hàn látibẹ̀, ó sì sunkún. Ẹkún yẹn dun Ògúntúyì wọra.

Ó tọ Fálànà lọ, ó dọ̀bálẹ̀. Fálànà rẹ́rìn-ín; wọ́n fi okùn wọ́ ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀, wọ́n tún bíréèkì ṣe, ó sì bá a wá rímù mìíràn. Wọ́n kó iṣu sínú ọkọ̀, wọ́n yí táyà dópin, kí wọ́n tó ki ìka bọ àárín rẹ̀. Táyà kan náà ni o! Ó kàn sún síta ní ìwọ̀n ìka méjì péré.

Nígbà tí wọ́n tún dé ibi burúkú tí ọ̀nà ti yà yẹn, ìyá di ìjókòó mú. Kò sí ohun tó ha, kò sí ohun tó dún. Ìka méjì péré ló gbé wọn kọjá, ẹ̀rù iṣẹ́ Ọlọ́run sì ba Ògúntúyì. Wọ́n dé òkè, wọ́n mú ẹ̀gbọ́n jáde nílé, àwọn arúgbó méjèèjì dì mọ́ra wọn.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n bèèrè pé, "Àbúrò mi, ta ló gbé ọ fò wá síbí?"

Ìyá wo ọmọ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Èsì tó fún un lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà Òkè Arómọ sọ dòwe títí dòní, pé: "Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra, abẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe ojú ọ̀run."