Orin tí Ìjàpá fi Bo Òórùn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń dáhùn? Nígbà tí èmi wà ní kékeré, bí ìyá ìyá mi bá pè é báyìí, láti ojúlé àkọ́kọ́ dé ojúlé kẹrìnlá la ti ń dá a lóhùn. Ẹ̀yin mẹ́ta péré lẹ jókòó síwájú mi lónìí, ẹ wá ń dáhùn bí ẹni tí kò tíì jẹun. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi yọ́ jáde, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó gba ojú fèrèsé, ó lọ kan Ìjàpá ọkọ Yánníbo nímú.

Láyé ìgbà yẹn, inú agbo-ilé kan ṣoṣo ni gbogbo ẹranko ń gbé. Ẹ̀yin ò mọ agbo-ilé, yàrá méjì lẹ mọ̀. Agbo-ilé tí mò ń wí, bí èèyàn bá dúró láàárín àgbàlá nírọ̀lẹ́, á ti mọ ohun tí olúkúlùkù ń sè. Ehoro ń sun iṣu. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń yan ẹ̀pà. Ìyàwó Àgbọ̀nrín ti da irú sọ́bẹ̀. Àgbọ̀nrín fúnra rẹ̀ ni baálé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí èmi sí, mi ò sì tíì rí irú rẹ̀ mọ́. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá dá gbé ọbẹ̀ mi kaná.

Òfin kan wà nínú ilé náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbin igbó. Kì í ṣe igbó tí igi wà nínú rẹ̀ o. Ewé tí àwọn kan ń wé, tí wọ́n ń fà, ni mò ń wí. Àsàbí, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? O mọ̀ ọ́n, àbí? Ọ̀la ni màá bi ọ́.

Ohun tó fa òfin ọ̀hún nìyí. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn ọ̀bọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fa ewé yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rí ọdẹ lókèèrè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ajá ọdẹ kọjá lára wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó lẹ́sẹ̀ ló sá. Ọmọ Ìyá Ìgbín, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kò lè sá. Ọdẹ mú un, ó sọ ọ́ sínú àpò. Láti ọjọ́ náà ni etí Ìyá Ìgbín ti dí pátápátá. Wọ́n ní ẹkún ló dí i. Baálé fa gbogbo igbó náà tu, ó kó o dà sódò, ó ní ẹni tó bá tún gbìn ín yóò fi ilé sílẹ̀.

Ìjàpá wà níbẹ̀. Ó mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ àgbà ni baálé sọ. Hóró mẹ́ta sì wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ bi mí pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀rín ló fẹ́ràn. Bí àwọn yòókù bá gbé ọkọ́ lọ sóko, kí òun jókòó sílé, kí òun máa rẹ́rìn-ín, kí ọjọ́ sì lọ. Ló bá gbin hóró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú yàrá kékeré kan tó wà lẹ́yìn yàrá òun àti Yánníbo. Ó dá ihò kan sí òrùlé kí oòrùn lè máa yọjú sí i. Yánníbo ní kó fà á tu. Ìjàpá ní ewé kì í sọ̀rọ̀, ta ló máa sọ fún baálé?

Òótọ́ ni, ewé kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tó yọ òdòdó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Kì í ṣe òórùn kékeré. Á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, á dé ìdí àdògán ìyàwó Àgbọ̀nrín.

Ìjàpá po amọ̀, ó gba oje igi, ó fi dí gbogbo ibi tí ògiri ti sán. Ó lẹ amọ̀ mọ́ ọn níhìn-ín, ó lẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́hùn-ún, títí ògiri fi di kìkì àlẹ̀mọ́. Ó dí ihò òrùlé náà pa. Ihò kan tó ń gbà wọlé nìkan ló kù. Òórùn gba ibẹ̀ jáde.

Ó kó èédú sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi í kọ́ ẹnu ihò náà. Èyí ṣiṣẹ́ díẹ̀, n ò ní parọ́. Èédú gbé òórùn mì lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó gbé e mì lọ́jọ́ kejì. Ìjàpá ń mi orí, ó ń pe ara rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ kẹta èédú yó, òórùn tún jáde.

Ó gbé irú kaná, ó ń sè é tàárọ̀ talẹ́ kí òórùn irú lè bo ti igbó. Ehoro ló kọ́kọ́ gbé àwo dé. Ọ̀kẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ọbẹ̀ ń ta sánsán níbí. Ojú ò jẹ́ kó lè lé wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi ìka nu ìkòkò, òórùn igbó wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Yánníbo wá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọkọ mi, ẹ fà á tu. Àwọn ará ilé ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀.”

Ìjàpá dúró sójú kan. “Kí lo ní wọ́n ń ṣe sí òórùn?”

“Wọ́n ń gbọ́ ọ.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Etí la fi ń gbọ́ nǹkan. Bí mo bá pariwo ju òórùn lọ, ta ló máa gbọ́ ọ?”

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Òórùn, gbígbọ́ la kúkú ń gbọ́ ọ, ẹ̀bi Ìjàpá nìkan kọ́. Yánníbo lọ jókòó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìjàpá bọ́ síwájú yàrá, ó gbé orin. Ẹ bá mi gbè é, “Kíjan kìjan” ni tiyín.

Etí tó bá gbọ́ tèmi,
*Kíjan kìjan.*
Kò ní gbọ́ òmíràn,
*Kíjan kìjan.*
Ẹ jó, ẹ pàtẹ́wọ́,
*Kíjan kìjan.*
Ohun ilé ń bẹ nílé,
*Kíjan kìjan.*

Orin náà dùn. Ìyẹn ló bà á jẹ́. Ehoro gbọ́, ó fi iṣu sílẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́, ẹ̀pà rẹ̀ jóná. Baálé fúnra rẹ̀ ká ṣòkòtò sókè, ó ń jó. Àwọn ọ̀bọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ́, àwọn náà wá. Àgbàlá kún. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba òórùn. Ìjàpá rò pé ó ti ṣeé ṣe, ló bá tún ohùn gbé sókè.

Ìyá Ìgbín nìkan ni kò gbọ́ orin. Ó wà ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní ìkángun àgbàlá. Ṣùgbọ́n nǹkan kan bá a níbẹ̀, ló bá dìde. Ó ń bọ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rìn. Wọ́n kọ orin náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé iwájú Ìjàpá. Ó na ìwo rẹ̀ méjèèjì sí ihò yàrá náà, ó dúró pẹ́. Wọ́n rí ojú rẹ̀, orin bá dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ ń kọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ òórùn kan. Òun ni mo gbọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọmọ mi lọ.”

Baálé yíjú sí àwọn ọ̀bọ, ó bi wọ́n pé ta ni wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wọn sáré lọ síbẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ ajá ọdẹ ni wọ́n bá lórí yanrìn, ó wọlé, ó yí padà, ó jáde. Ó ti lọ pe olówó rẹ̀.

Ilé tú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Olúkúlùkù gbé ohun tó lè gbé. Iṣu Ehoro ṣì wà nínú iná. Baálé gbé Ìyá Ìgbín sáàárín ìwo orí rẹ̀ kó má bàa kẹ́yìn. Àwọn kan fẹ́ lu Ìjàpá pa, ṣùgbọ́n Ìyá Ìgbín ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ó ní, “Ìjàpá, yàrá tí o dí pa yìí, gbé e. Tìrẹ ni. Òórùn rẹ kò ní kan ẹnikẹ́ni mọ́. Tiwa náà kò ní kàn ọ́ mọ́.”

Ìjàpá gbé yàrá ru. Yánníbo gbé ìyókù ògiri ru, ó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kọjá odò.

Bí ẹ bá rí Ìjàpá, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àlẹ̀mọ́ amọ̀ àti oje ọjọ́sí ló kún ibẹ̀. Nírọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ bá ti tutù, á yọ orí nínú ihò, á na ọrùn títí, á máa fi imú wá nǹkan. Iṣu Ehoro ló ń wá. Ẹ̀pà Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń wá. Kò ní gbọ́ ọ. Á fa orí padà sínú yàrá.

Ilé tiwa náà tú, iṣẹ́ ìlú òkèèrè ló tú u. Èmi náà máa ń na ọrùn nígbà mìíràn.

Ibi tí àlọ́ mi dé nìyẹn. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí ọbẹ̀ tó wà lórí iná yìí má rùn dé ojúlé kejì. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ fa imú, kí ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́.

Ó ń ta sánsán!

Ó dáa. Àsàbí, lọ kó àwo wá, kí o pe àwọn ará ojúlé kejì.