Àwọn Ìyá Ńlá Nínú Bàsíà

Ìyá wa wà níbẹ̀, èmi wà níbẹ̀, Ìbídùn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ọmọ tuntun rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, ó ń ké. Nílé wa, àkísà aṣọ àwọn ìyá ńlá tó ti kú la máa ń rán pọ̀ ṣe ìtẹ́lẹ̀ ọmọ. Ẹni tó bá rán an dáadáa ni Ìyá yóò fi àpótí àkísà náà lé lọ́wọ́, ojú Ìbídùn ò sì kúrò lára àpótí yìí.

Ó gbé aṣọ ìtẹ́lẹ̀ tó ṣe dé, ó ń yan. "Ìyá, ẹ wò ó! Mi ò lo píìnì kankan láti dì í mú kí n tó rán an. Gọ́ọ̀mù tó ń bá omi lọ ni mo fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀."

"Ṣé o wá rán an?"

"Mo rán an kínníkínní, Ìyá."

Ìyá ò jiyàn. Ó ní aṣọ tuntun kì í kan ara ọmọ láìfọ̀, ó sì rì í sínú bàsíà. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá ńlá fi tú ká, oníkálukú ń léfòó lọ́tọ̀.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tìrẹ ò tiẹ̀ rìn kúrò lẹ́yìnkùlé!"

Ṣẹ̀gilọlá ọmọ ọmọ mi, ọ̀dọ̀ mi ni àpótí náà wà lónìí. Bí o bá fẹ́ ẹ, fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ rẹ kó má baà yẹ̀, ṣùgbọ́n kí o rán an kí o tó gbé e wá. Mo ti pọnmi sí bàsíà.